Níbo Ló Yẹ Kí Bọ́tìnì Wà? Àgbéyẹ̀wò Mẹ́nù Àwo DVD

Ẹni tó bá ti ki àwo DVD ìgbéyàwó bọ ẹ̀rọ rí mọ ojú ìwé tó máa ń kọ́kọ́ yọ: àwòrán tọkọtaya lẹ́yìn, orin tó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àti àwọn bọ́tìnì tí wọ́n kọ Ìdána, Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Níkàá, àti Gbígba Àlejò sí. Ojú ìwé yìí là ń pè ní mẹ́nù. Òǹwòran kì í pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ bí bọ́tìnì kò bá sí níbi tó yẹ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. A tẹ ọfà ìsàlẹ̀ lórí rìmóòtù, àwọ̀ tó ń tọ́ka fò lọ sókè. A tẹ OK, apá mìíràn ló bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí bọ́tìnì ti wọ abẹ́ férémù tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìyá àgbà tó fẹ́ wo ìdána ọmọ rẹ̀ á sọ pé àwo ti bàjẹ́, á sì gbé e tì. Àwo kò bàjẹ́. Ẹni tó to mẹ́nù náà ló tò ó fún ojú ara rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, tí máòsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí ẹni tó jókòó ní pálọ̀ tó ń fi rìmóòtù wá ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé. Lójú tèmi, àyè ni bọ́tìnì DVD jẹ́ kó tó di àwòrán: àyè tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè dé láìsí ìdààmú, lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹni tó ṣe àwo kò ní fojú rí láéláé. Ojú yìí ni mo máa fi wo gbogbo sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe DVD, látorí èyí tó wọ́n jù dórí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí DVD tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, VCD ló gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìdúmọ̀tà àti ti Alábà ló wà lórí VCD, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fídíò òde ìnáwó. Ìlànà ọdún 1993 ni VCD, mẹ́nù rẹ̀ kò sì le rárá: àwòrán kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, òǹwòran á tẹ 1 tàbí 2 tàbí 3 lórí rìmóòtù. Ibi tí nọ́ńbà wà lójú àwòrán kò kan ẹ̀rọ. Kódà bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, títẹ 2 á ṣiṣẹ́. DVD, tó kọ́kọ́ jáde ní Japan lóṣù kọkànlá ọdún 1996, tó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, ló yí èyí padà. Ó fún bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lójú àwòrán, ó fún un ní àwọ̀ tó ń yọ nígbà tí a bá dé orí rẹ̀, ó sì fún un ní aládùúgbò mẹ́rin: ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti òsì, ti ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fídíò wa kọjá láti VCD sí DVD láì fura pé iṣẹ́ tuntun ti wọ inú iṣẹ́ wọn. Wọ́n ṣì ń ya mẹ́nù bí ẹni ń ya ìwé ìpolówó tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di bọ́tìnì kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n wà nínú àwo. Àkọ́kọ́ ni àwòrán ẹ̀yìn, ìyẹn fọ́tò tàbí fídíò tí ọ̀rọ̀ àti ọ̀ṣọ́ bọ́tìnì wà lára rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ DVD, fídíò lásán ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé bọ́tìnì kankan wà nínú rẹ̀. Ìkejì ni àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní subpicture, tí a tẹ́ lé orí ti àkọ́kọ́. Òun ló ń gbé àwọ̀ ìtọ́ka. Irú àwọ̀ mẹ́rin péré ló lè wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ojú kò ní rí, kí àwòrán ẹ̀yìn lè hàn. Inú àkójọ àwọ̀ 16 ni wọ́n ti ń mú àwọ̀ mẹ́rin yìí, ìpele 16 ló sì wà tí a fi lè pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa hàn kedere tó. Ìkẹta ni àpótí onígun mẹ́rin kan tí ojú kò rí, tí nọ́ńbà mẹ́rin ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, látòsì sí ọ̀tún, látòkè sí ìsàlẹ̀. Bí rìmóòtù bá gbé wa dé orí bọ́tìnì, ẹ̀rọ á yí àwọ̀ subpicture padà, àmọ́ inú àpótí yẹn nìkan ni. Ohun tó bá yọ síta kò ní tàn.

Ibi tí ohun mẹ́ta yìí kò bá ti bára wọn mu ni bọ́tìnì ti ń bàjẹ́. Bí a bá sún ọ̀rọ̀ lójú àwòrán ẹ̀yìn tí a kò sún àpótí, àwọ̀ á máa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Bí àpótí bá kúrú ju ọ̀rọ̀ lọ, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn á wà nínú òkùnkùn. Òfin kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, àfi ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí: nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì láì ṣẹ́ kù, torí pé ọ̀wọ́ ìlà méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn ni àwòrán DVD fi ń jáde. Àwọn sọ́fítíwíà ńlá máa ń ṣe àtúnṣe yìí lábẹ́lẹ̀. Spumux, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó wà nínú sọ́fítíwíà dvdauthor, máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Etí àwòrán ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ jù. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ìdí gbọ̀ǹgbọ̀n máa ń gé etí àwòrán yí ká. Kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí etí àwòrán tí kò dúró sójú kan má baà hàn. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi fa ààlà méjì: ìdá 90 nínú 100 fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán, ìdá 80 nínú 100 fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Lórí ìlànà PAL tí à ń lò ní Nàìjíríà, tí ìwọ̀n àwòrán rẹ̀ jẹ́ 720 níbùú àti 576 lóròó, ìdá 80 yẹn túmọ̀ sí pé kí a fi píksẹ́lì 72, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, sílẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí a sì fi nǹkan bí 58 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Àárín 72 sí 648 àti 58 sí 518 ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnì gbọ́dọ̀ wà. Èmi á fi kún un pé kí àpótí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọ̀ ìtọ́ka tí a gé ìdajì rẹ̀ máa ń jọ àléébù lójú òǹwòran.

Àwọn kan gbà pé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti mú ọ̀rọ̀ ààlà yìí kúrò nílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló ṣì ń gé etí àwòrán bí wọ́n ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá, àfi bí onílé bá wọ ibi ètò rẹ̀ lọ láti yí i padà, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń débẹ̀. Gbogbo sọ́fítíwíà tó ní láárí ló lè fi ààlà wọ̀nyí hàn. Encore ní in, DVD Studio Pro ní in, DVD Architect ní in, iDVD pàápàá ní in. Ohun tí mo lòdì sí ni pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó ń lò ó ló máa wá a kàn kó tó tàn án. Ààlà tó ṣe pàtàkì tó báyìí yẹ kó ti wà lójú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí píksẹ́lì ṣe rí náà ń da ibi tí bọ́tìnì wà rú, àmọ́ èyí kò le. Píksẹ́lì kọ̀ǹpútà dọ́gba níbùú àti lóròó. Ti DVD kò dọ́gba. 720 lọ́nà 576 kan náà ni àwo ń tọ́jú, ìbáà jẹ́ mẹ́nù 4:3 tàbí 16:9, tẹlifíṣọ̀n ló ń nà án. Ẹni tó bá fẹ́ ya mẹ́nù nínú Photoshop yóò yà á ní 768 lọ́nà 576 fún 4:3, tàbí 1024 lọ́nà 576 fún 16:9, sọ́fítíwíà á sì fún un wá sí 720. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì roboto á gùn bí ẹyin, ojú ìyàwó á sì yí padà. Nọ́ńbà ìbú tí a rí nínú Photoshop kọ́ ló máa wà nínú àwo: bọ́tìnì tó wà ní 512 nínú àwòrán oníbùú 1024 á bọ́ sí 360.

Ti mẹ́nù 16:9 lórí tẹlifíṣọ̀n 4:3 ló takókó. Ẹ̀rọ DVD máa ń fún àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, á sì fi dúdú dí òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú ìlà 576, 432 ni àwòrán á gbà. Ìlà 72 á dúdú lókè, 72 nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà 100 tẹ́lẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà 147. Àwòrán ẹ̀yìn nìkan ló ń sún báyìí. Subpicture kì í tẹ̀lé e. Nítorí náà, àwo gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà subpicture àti àpótí méjì, ọ̀kan fún tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀, ọ̀kan fún èyí tó ní dúdú lókè àti nísàlẹ̀. Bọ́tìnì 36 ni mẹ́nù 4:3 lè gbà. Nígbà tí ẹ̀dà bá di méjì, ó di 18. Bí a bá fi ẹ̀dà kẹta kún un, ti tẹlifíṣọ̀n tó ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dànù, ó di 12. Mẹ́nù tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn lókè ọ̀rọ̀ tàbí nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìyá àgbà, tó sì dára lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, ẹ̀dà kejì yìí ni kò ní. Encore àti DVD Studio Pro ń ṣe é fúnra wọn. Dvdauthor náà lè ṣe é, bí a bá kọ ọ́ fún un pé subpicture méjì ló wà àti irú tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ní ti iye, èmi ò rí ìdí tí bọ́tìnì á fi ju mẹ́fà lọ lójú mẹ́nù kan. Ohun tí ìlànà gbà kọ́ ni ojú òǹwòran lè gbà láti orí àga tó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Bí apá fídíò bá pọ̀, kí a ṣe mẹ́nù kejì.

Ọ̀nà ọfà ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni mo rí tí wọ́n ń fi ojú kéré jù. Rìmóòtù kò ní ìka tí yóò nà sí bọ́tìnì tó wù ú. Ẹ̀rọ kì í sì í wo ojú àwòrán láti mọ èyí tó sún mọ́ jù. Ohun tí a kọ sínú bọ́tìnì ló ń tẹ̀lé. Bí a bá kọ ọ́ pé aládùúgbò ọ̀tún Ìdána ni Gbígba Àlejò, ibẹ̀ ni ọfà ọ̀tún á gbé wa lọ, ì báà wà ní òkè pátápátá. Gbogbo sọ́fítíwíà ló ní bí wọ́n ṣe ń ṣètò ọ̀nà yìí láìsí ọwọ́ ẹni, nípa wíwọn ibi tí àpótí wà sí ara wọn. Bí àwọn bọ́tìnì bá tò lé ara wọn lóòró, ìṣètò yìí kì í ṣì. Àmọ́ oníṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó fẹ́ràn láti fi bọ́tìnì yí àwòrán tọkọtaya ká: mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, wọn kò sì ṣe déédéé ara wọn. Láti orí bọ́tìnì kejì lápá òsì, ọfà ọ̀tún lè gbé wa dé àkọ́kọ́ lápá kejì. Nígbà tí a bá sì tẹ ọfà òsì láti padà, ó lè gbé wa lọ síbòmíràn. Ẹni tó ṣe é kò ní mọ̀, torí máòsì ló fi dán an wò.

Ìlànà tí mo gbà ni pé ọ̀nà àlọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Bí ọfà ọ̀tún bá gbé wa láti ibì kan dé ibòmíràn, ọfà òsì gbọ́dọ̀ dá wa padà síbẹ̀. Láti orí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọfà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé wa padà sí òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà ti há síbì kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí èyí gbà ni kí a to bọ́tìnì sórí ìlà tó tọ́, kí òkè àpótí òsì àti òkè àpótí ọ̀tún jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ohun èlò tó ń mú bọ́tìnì ṣe déédéé ara wọn àti èyí tó ń pín àyè àárín wọn dọ́gba, tó wà nínú Encore àti DVD Architect, wúlò fún ọwọ́ tó di rìmóòtù ju bó ṣe wúlò fún ẹwà lọ.

Nọ́ńbà bọ́tìnì náà ń bẹ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, títẹ 3 lórí rìmóòtù máa ń mú bọ́tìnì kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí VCD, àwọn àgbà tí VCD ti mọ́ lára sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹta nínú kí ni? Kẹta nínú nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà fún bọ́tìnì ni, ìyẹn sì sábà máa ń tẹ̀lé bí a ṣe dá wọn sílẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tò lójú. Ẹni tó bá pa bọ́tìnì kejì rẹ́ tó tún fi òmíràn síbẹ̀ ti lè da ètò náà rú láì mọ̀. Ó yẹ kí a padà síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a tò wọ́n láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tún máa ń rántí bọ́tìnì tí a wà lórí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Sọ́fítíwíà tó gbọ́ iṣẹ́ á jẹ́ kí a lò ó, kí ẹni tó wo apá kẹta tán lè bá ara rẹ̀ lórí bọ́tìnì kẹta tàbí ìkẹrin nígbà tó bá padà sí mẹ́nù, dípò kó tún máa rìn láti òkè.

Kò yẹ kí àpótí méjì gun ara wọn. Òǹwòran tó ń lo rìmóòtù lè má mọ̀, àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àpótí bá ti gun ara wọn, máòsì kò ní mọ èyí tí a fẹ́. Encore ní ibì kan tó ń yẹ gbogbo iṣẹ́ wò kí a tó kọ ọ́ sórí àwo, ó sì máa ń sọ fún wa bí àpótí bá gun ara wọn. Mo gbóríyìn fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àlàyé sọ́fítíwíà kankan kò lè kọ́ wa: ibi tí kò yẹ kí bọ́tìnì wà lójú àwòrán ènìyàn. Mo ti rí mẹ́nù fídíò ìsìnkú tí bọ́tìnì gba iwájú orí olóògbé kọjá. Ẹni tó ṣe é kò ní ìkà nínú, àwòṣe tó bá nínú sọ́fítíwíà ló gbé àwòrán bọ̀, àwòṣe náà sì ti ní ibi tó fi bọ́tìnì sí. Àmọ́ àwọn ọmọ olóògbé ló máa wo àwo yẹn. Kí a gbé àwòrán olóògbé tàbí ti ìyá ìyàwó sí apá kan, kí bọ́tìnì wà ní apá kejì. Mẹ́nù tó ń rìn, ìyẹn èyí tí fídíò wà lẹ́yìn rẹ̀, tún gba ìṣọ́ra ju èyí lọ: àárín tó ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀ lè di ojú ẹnì kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kí a wò ó tán pátá kí a tó gbé bọ́tìnì lé e.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà wọ̀nyí kò rò mọ́ ọn. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ láti fi àwọ̀ tọ́ka bọ́tìnì ni ìlà tó ń tàn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ wà. Ìlà náà á bò wọ́n mọ́lẹ̀, bọ́tìnì tí a kọ Ẹbí Ọkọ sí á sì di Ebi Oko ní àkókò tí òǹwòran dé orí rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka irú rẹ̀ nínú fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà kejì, tí àwọn lẹ́tà fúnra wọn á máa tàn, tún ní ìṣòro tirẹ̀. Subpicture tó ní irú àwọ̀ mẹ́rin kò lè mú etí lẹ́tà dán. Àmì ohùn kékeré orí ọ̀ tàbí ẹ́ á di kíṣìkíṣì tí a kò ní mọ èyí tó lọ sókè yàtọ̀ sí èyí tó lọ sílẹ̀. Ìlà tó tinrín tó ìlà kan péré tún máa ń mì lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, nítorí ọ̀wọ́ ìlà méjì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo rò pé ó dára jù fún ọ̀rọ̀ Yorùbá ni kí lẹ́tà wà nínú àwòrán ẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí àwọ̀ ìtọ́ka jẹ́ ohun kan tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá roboto kékeré tàbí ìlà òró lápá òsì, tó jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà àkọ́kọ́. Àpótí á gba roboto yẹn àti ọ̀rọ̀ pa pọ̀, kí máòsì lè rí i lórí kọ̀ǹpútà. Bí a bá fẹ́ férémù yí ọ̀rọ̀ ká, kí a fi àyè sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn àti nísàlẹ̀ fún àmì abẹ́. Kò sì dára kí a máa tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá tààrà sínú sọ́fítíwíà DVD. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ́ kí àmì ohùn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó sọnù. Kí a kọ ọ́ nínú Photoshop tàbí GIMP pẹ̀lú fọ́ǹtì tó mọ àmì wa, kí a wá gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí àwòrán.

Ní ti sọ́fítíwíà fúnra wọn, ìdílé mẹ́ta ni mo pín wọn sí. Ìdílé kìíní ń fún ni ní àwòṣe tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. iDVD ti Apple, tó jáde lọ́dún 2001, wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Windows DVD Maker tó bá Windows Vista àti Windows 7 wá. Bọ́tìnì wọn kì í sábà jáde ní ààlà, ọ̀nà ọfà wọn sì máa ń dára, torí àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ti tò ó. Wọn kò wá fún wa láyè púpọ̀ láti gbé bọ́tìnì kúrò lórí ojú ẹni. iDVD dára díẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ níbí: a lè tú bọ́tìnì sílẹ̀ kúrò nínú ètò rẹ̀, kí a fi ọwọ́ gbé e síbi tó wù wá.

Ìdílé kejì ni ti àwọn tó fún wa ní òmìnira. DVD Studio Pro jáde lọ́dún 2001, Encore lọ́dún 2003. DVD Architect, tó jẹ́ ti Sony nígbà náà, wà láàárín wọn ní ti agbára. Encore ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọgbọ́n kan ṣoṣo: a lè ya bọ́tìnì nínú Photoshop, kí a fún àwọn ìpele àwòrán ní orúkọ tó ní àmì, (+) fún bọ́tìnì, (=1) fún àwọ̀ ìtọ́ka, (%) fún fídíò kékeré tó ń hàn nínú bọ́tìnì. Encore á so wọ́n pọ̀, bí a bá sì fa bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ àti àpótí á jọ sún. Ohun mẹ́ta tí mo sọ lókè di ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. DVD Studio Pro gbára lé àwòrán àwọ̀ kan tó bo gbogbo ojú mẹ́nù, àpótí la kàn ń yà lé e lórí. Bí a bá fa àpótí lọ, àwọ̀ kò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irú bọ́tìnì tó ń gbé àwọ̀ tirẹ̀ rìn kún un. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi ṣe iṣẹ́ tó dára gan-an, àmọ́ ó rọrùn láti ṣàṣìṣe nínú rẹ̀.

Dvdauthor ló ṣáájú ìdílé kẹta. Kò ní ojú ibi tí a ti ń fa nǹkan. Nọ́ńbà la ń kọ. Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún un ni pé kò fi nǹkan kan pa mọ́: igun àpótí wà níwájú ẹni, aládùúgbò mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Ó tún lè wo àwòrán àwọ̀ kó sì fúnra rẹ̀ mọ ibi tí bọ́tìnì wà, kó tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ tàbí ní òpó-òpó bí a bá ṣe fẹ́. DVDStyler, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, gbé ojú tó ṣeé fà lé orí dvdauthor. Fún ọ̀dọ́ tó ń fi fídíò òde ìnáwó jẹun tí kò ní owó sọ́fítíwíà ńlá, òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Àwo wa kì í dúró sílé. Èyí tó bá lọ sí London kò ní wàhálà ìlà, nítorí PAL ni Bìrìtìkó náà ń lò. Èyí tó bá ń lọ sí Houston tàbí Atlanta ló ní: ìlà 480 ni NTSC, ìlànà ti Amẹ́ríkà, ní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD Amẹ́ríkà kì í sì í gba PAL. Oníṣẹ́ fídíò á wá yí fídíò padà, á sì jẹ́ kí sọ́fítíwíà fún mẹ́nù láti 576 sí 480. Àpótí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 318 á bọ́ sí 265, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì. Àmì ohùn tí kò nípọn tẹ́lẹ̀ á tún tinrín sí i. Mo rọ ẹni tó bá ń ṣe àwo fún ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà pé kó tún mẹ́nù yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n NTSC. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, ó sì yẹ ẹni tó sanwó.

Bí iṣẹ́ bá tán, àwo tó ṣeé pa rẹ́ ni kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Kí a gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n tó pẹ́ jù nínú ilé, kí a fún ẹni tí kò bá wa ṣe é ní rìmóòtù, kí a sì dákẹ́. Ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni kó tẹ̀. Ibi tó bá ti dúró ronú ni kí a padà lọ tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí mo dárúkọ ti kúrò lójú agbo. Apple dá DVD Studio Pro dúró ní 2011. Encore kò kọjá ẹ̀dà CS6 ti ọdún 2012. DVD Maker kò bá Windows 8 wá. DVD Architect kúrò lọ́wọ́ Sony bọ́ sọ́wọ́ MAGIX ní 2016. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kò tilẹ̀ ní ojú ibi tí a ti ń ki àwo bọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí fi ń gbé fídíò ìgbéyàwó àtijọ́ kúrò lórí àwo lọ sórí fóònù, tí wọ́n ń sọ ọ́ di MP4. Fídíò máa ń dé. Mẹ́nù kì í dé. Ohun tó wà nínú fódà VIDEO_TS ni àwọn fáìlì bíi VTS_01_1.VOB, tí kò sí Ìdána tàbí Níkàá lára orúkọ wọn, nítorí àwòrán lásán ni ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mẹ́nù bá lọ, orúkọ apá kọ̀ọ̀kan á bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ MP4, kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú mẹ́nù, kó wá fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó wà lórí bọ́tìnì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí mẹ́nù náà wà, kó da àwo kọ lódindi sí fáìlì ISO. VLC á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì á sì máa gbọ́ ti máòsì àti ti ọfà orí kíbọ́ọ̀dù.